Opó Tí Kò Sunkún

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jẹ́ kí n gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi, olùkọ́ Faransé ní Ìyànà Ọ̀fà. Ìwé ìtàn tí àwọn obìnrin fi Faransé kọ ni wọ́n máa ń tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á kọ́kọ́ kà á sókè. Wọ́n á ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn obìnrin tó kọ ọ́ ná."

Nínú ọ̀kan, ọkọ kú, ìyàwó ò sunkún. Ọ̀gá tó fẹ́ tẹ ìwé náà pè wọ́n lórí fóònù.

"Ẹ jẹ́ kó sunkún díẹ̀, mà. Àwọn èèyàn á kórìíra ẹ̀."

"Obìnrin tó kọ ọ́ ò sọ pé ó sunkún, sà. Ṣé èmi ni màá wá bu omi sí i lójú?"

Ọ̀gá náà ní òun ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kò tẹ̀ ẹ́ títí Àǹtí fi kú. Ìwé tí wọ́n tú náà ṣì wà lórí tábìlì wọn. N kò tíì ṣí i; mo kàn máa ń nu eruku orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ẹnu yín sọ ohun tí ẹ ò sọ.