Màmá àti aṣọ orí kọ̀ǹpútà

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ màmá mi.

Hádíìsìkì kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ iṣẹ́ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tanke jóná, iṣẹ́ inú ẹ̀ sì bá a lọ. Àárọ̀ yìí ni ẹnjiníà fi tuntun sí i. Ó ní ooru ló pa ti àkọ́kọ́, ká má fi aṣọ bò ó mọ́ tá a bá ti tàn án.

Màmá ní, "A ti gbọ́, ọmọ mi."

Mo kàn lọ wẹ̀ ni. Kí n tó dé, aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn hun ti padà sórí ẹ̀.

"Màmá, kí lẹnjiníà wí?"

"Àlejò ń bọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán. Ṣé ìhòòhò ni kí wọ́n wá bá a?"

Mo ṣí i, wọ́n bò ó. Mo tún ṣí i. Ebi ń pa mí, mi ò lè kúrò nídìí ẹ̀.

Ta ni màmá tiẹ̀ kì í bo nǹkan nínú yín? Kó jọ̀ọ́ wá bá mi bẹ tèmi.