Ọjọ́ Tí A Fi Tẹ̀sùbáà Yan Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, ọwọ́ alájọgbélé mi kan ní Ìfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àlájì ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, pílánù ilé ló sì ń yà jẹun. Ìlà tó máa ń gún tẹ́lẹ̀ wá ń rí kọ́lọkọ̀lọ. Oníbàárà méjì ti dá iṣẹ́ padà.

Ó sọ fún mi pé, "Bí mi ò bá rí ọ̀nà mìíràn, mò ń kó ẹrù mi lọ sílé nìyẹn. Kí ni ayàwòrán tí ọwọ́ ẹ̀ ń jó fẹ́ máa ṣe ní Ìfọ̀?"

Ẹnjiníà kan tó ń kọ́lé ní Mówè ló ránṣẹ́ sí i. Ó ti gba kọ̀ǹpútà méjì wò, irú èyí tí wọ́n fi ń ya pílánù. Ó ní kí Àlájì wá yan èyí tí yóò máa fi bá òun ṣiṣẹ́, kí òun dá èkejì padà. Akọ̀ròyìn ni mí, mi ò sì tíì fojú kan irú ẹ̀ rí. Mo tẹ̀ lé e.

Ẹnjiníà dọ̀bálẹ̀ fún Àlájì, ó sì tan méjèèjì. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ń tàn lójú ti àkọ́kọ́. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lójú èkejì, ó pọ́n bí iná àtùpà.

Mo ké pé, "Àlájì, ẹ mú aláràbarà yìí! Sinimá ni!"

"Ẹ̀yin oníròyìn, ohun tó bá ti ń dán lẹ máa ń rí." Àmọ́ òun náà ti gbọ́wọ́ lé e.

Ó ní kí Ẹnjiníà gbé àwòrán tó le sójú méjèèjì. Pílánù mọ́ṣáláṣí kan ni, òrùlé rẹ̀ rí ribiti, ilé gíga tí wọ́n ti ń pe ìrun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ká lè mọ èyí tó yá jù. Mo na aago ọwọ́ mi sí Àlájì.

"Fi aago ẹ pamọ́." Ó fa tẹ̀sùbáà yọ lápò. "Èyí ni mo mọ bó ṣe ń rìn."

Ẹnjiníà tẹ bọ́tìnnì aláràbarà. "Subuhanaláì, Subuhanaláì..." Àlájì ka ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tán, ó tún bẹ̀rẹ̀, òrùlé ribiti ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ẹnjiníà tẹ ti èkejì. Kò tíì ka ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí gbogbo mọ́ṣáláṣí fi dúró síwájú wa.

"Subuhanaláì," ni Àlájì wí. Èyí kì í ṣe ti kíkà mọ́.

Ẹnjiníà ṣí ìdí ẹ̀rọ náà, ó fi ẹ̀yà dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣípù hàn wá, kò gùn tó ìka. "Ìṣirò nìkan niṣẹ́ eléyìí, sà. Kò sí nínú aláràbarà."

Àlájì rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni pé ó rẹwà, kò lọ síléèwé." Ojú rẹ̀ tún yí padà. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá fà á sórí bébà? Ọwọ́ yìí náà?"

Ẹnjiníà ṣí aṣọ lójú ẹ̀rọ kẹta kan lẹ́bàá ògiri. Ó tẹ́ bébà sí i, ó sì ki bírò oníyíǹkì bọ̀ ọ́, irú èyí tí Àlájì ń lò gan-an. Ẹ̀rọ náà gbé bírò fúnra rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó fa òrùlé ribiti yẹn yíká láìṣẹ́rí. Jẹnẹrétọ̀ nìkan là ń gbọ́ níta.

Nígbà tó yà á tán, Àlájì tẹjú mọ́ bébà náà.

"Ta ló ya ilẹ̀kùn yìí? Orí àtẹ̀gùn ló ń ṣí sí. Ẹni tó bá ń jáde á ti ẹni tó ń gòkè bọ̀ ṣubú."

Ẹnjiníà wo bébà náà títí. "Èmi ni, sà. Mi ò rí i." Ó fa àga síwájú ẹ̀rọ aláwọ̀ àtùpà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tún un ṣe."

Àlájì jókòó. Ìka rẹ̀ gbọ̀n títí ó fi kan bọ́tìnnì. Lójú ẹ̀rọ, ilẹ̀kùn náà ṣí sí òdìkejì, ìlà rẹ̀ gún régé.