Àmín Tí Mo Fi Àṣìṣe Ṣe ní Gáḿbíà

Kọ́ńfọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sọ fún un pé mo dárúkọ rẹ̀! Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, òun ni ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nínú ìjọ wa, a sì jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí, torí ó ṣì ń rú mi lójú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà l'Ágọ̀-Ìwòyè. Ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run ò sì fún mi lọ́mọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ ní kí n wá gbàdúrà fún àwọn aboyún. Mo ti di máìkì mú, mo ti dijú. Ni Kọ́ńfọ́ọ̀tì bá dìde, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ẹni tí àdúrà tara rẹ̀ ò gbà, ta ló fẹ́ gbà á fún? Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín!

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo padà sí àyè mi. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbàdúrà sókè mọ́. Nígbà tó yá, mi ò gbà á nínú yàrá mi náà mọ́. Màá kúnlẹ̀, màá wo bẹ́ẹ̀dì, màá dìde.

Ẹ wá wò ó, irú èmi yìí ló lọ ṣe míṣọ́nnárì! Ìjọ ń wá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó lè lọ kọ́ àwọn ọmọ ní abúlé kan létí odò ní Gáḿbíà. Ká má parọ́ fúnra wa, kì í ṣe ìpè Ọlọ́run ni mo jẹ́. Kọ́ńfọ́ọ̀tì ni mo sá fún.

Bí ẹ bá ti dé Makun-Omi létí omi nílẹ̀ Ìjẹ̀bú rí, ẹ ti dé abúlé yẹn: òórùn ẹja yíyan, ọkọ̀ ojú omi, ẹrẹ̀. Èdè wọn nìkan ni mi ò gbọ́. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn àdúrà bíi tiwa. Néma, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó máa ń ṣe ògbufọ̀ fún mi, ní tí wọ́n bá ń súre fún mi tí mi ò gbọ́, kí n ṣáà ti máa ṣe àmín. Kí ló rọrùn fún ọmọ Yorùbá tó àmín?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Bìntá, obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwa tíṣà, bá wọlé. Ó jókòó ti èmi àti Néma, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó wòkè, ó wá ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn ń lọ sókè, ohùn ń bọ̀ nílẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń súre láàárọ̀. Èmi náà gbé e! Àmín! Àmín o! Á rí bẹ́ẹ̀ lágbára Ọlọ́run!

Néma fi ọwọ́ bo ẹnu. Bìntá yíjú wò mí.

Àṣé kì í ṣe àdúrà! Néma ní obìnrin náà ń sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti wà nílé ọkọ, òun ò bímọ, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ bí òun ṣe máa lo ayé òun tán nìyẹn. Èmi àgàn, èmi ni mo ṣe àmín sí i! Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Néma ń túmọ̀, kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó sunkún. Bìntá ní ẹ̀bẹ̀ kọ́, kí n fi àdúrà pa àmín yẹn rẹ́. Mo ní kí Néma sọ fún un pé àdúrà tèmi kì í gbà, pé èmi náà ò bí. Bìntá pòṣé!

“Sọ fún màmá yìí pé mi ò bi í ní ohun tí Ọlọ́run fún un. Mo ní kó bá mi bẹ̀bẹ̀. Àbí wọn kì í báni bẹ̀bẹ̀ nílùú tiwọn ni?”

Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu láti gbàdúrà. Ìjẹ̀bú ló jáde, Ìjẹ̀bú ponbele tí ìyá mi fi ń gbàdúrà, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì tí mò ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bìntá ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí mo bá ti sinmi, ó ń ṣe àmín. Mo gbàdúrà títí ẹja rẹ̀ fi fẹ́ jóná!

Ojoojúmọ́ ló ń wá lẹ́yìn ìyẹn. Màá gba tirẹ̀, òun náà á tẹ́wọ́, á gba tèmi.

Ẹ ò ní gbọ́ ẹ̀rí ìbejì lẹ́nu mi o. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, Bìntá ò lóyún. Ohun tí kò yé mi gan-an nìyí! Ọlọ́run ò fún un, kò fún mi, síbẹ̀ mi ò dúpẹ́ àdúrà tó báyìí rí láyé mi. Kí ni mò ń dúpẹ́ sí? Pé ẹnì kan jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ fún òun? Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé àdúrà yẹn ò gbà, ṣùgbọ́n ó gbà mí.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ kí ojú ti Kọ́ńfọ́ọ̀tì, òun ni mo sì tẹjú mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé òun ló pariwo halelúyà jù? Nígbà tí a jáde, ó tẹ̀ lé mi dé ibi tí mo ti ń dúró de kẹ̀kẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi. Mi ò tíì dárí jì í o, kẹ́nikẹ́ni má bá mi sọ ìyẹn! Àmọ́ ẹ̀yin tí wọ́n ti lé kúrò nídìí àdúrà rí, ẹ sọ bí tiyín ṣe rí, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí ẹ̀yin ì bá fi dá a lóhùn. Ó gbá mi léjìká, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní:

“Tíṣà, ṣé o rí i báyìí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo ṣe? Ká ní mi ò lé ẹ ni, ta ni ì bá bá Bìntá gbàdúrà?”