Awò Ìbọn tí Kò Parọ́

Àárò bàbá àwọn ọmọ mi ń sọ mí, kí n má parọ́. Àárò òórùn igbó lára ẹ̀wù rẹ̀ ń sọ mí, àti ti àgbọ̀nrín tó máa ń gbé wálé láti ọ̀nà Atósìn. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ. Tèmi kì í rò ó. Gbogbo àdúgbò ló ń pín in fún.

Láwọn ọdún tí kòkó ń lówó lórí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan, ó na ìbọn sí nǹkan pupa kan nínú oko kòkó, ni nǹkan náà bá húkọ́. Alágbàṣe kan tó wọ ẹ̀wù pupa ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa olú. Bàbá wọn kò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ó ní àfi kí òun rí awò tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn kí ohun tó jìnnà lè hàn kedere, irú èyí tí òyìnbó agégẹdú tó ta ìbọn fún òun ní, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ti ṣíwọ́ ọdẹ. Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá yọ ọdẹ kúrò lára rẹ̀, ohun tó máa kù kò pọ̀.

Oníṣòwò kan gbé awò méjì wá láti Àkúrẹ́. Ọ̀kan gùn, ó ń dán. Èkejì kúrú, kò wọ́n, kò sì lẹ́wà. Ọkùnrin náà ń yin èyí tó gùn bí ẹni ń yin ìyàwó tuntun. Bàbá wọn gbé méjèèjì sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé kí ìrì sẹ̀ sí wọn lára, ìrì Ìdànrè kì í sì í ṣeré. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí oníṣòwò náà padà dé, ìkùukùu ti bo inú èyí tó gùn. Èyí tó kúrú mọ́ kedere. Bàbá wọn gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, àmì bí àgbélébùú tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta máa bá kò yẹ̀ nínú rẹ̀.

“Èyí ló ṣeé fọkàn tán,” ló wí.

Ó dè é mọ́ ìbọn tí kò lọ́ta nínú, ó kọjú rẹ̀ sí òkè Ìdànrè. Orí òkè yẹn ni gbogbo wa ń gbé kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Etí òkè ni ilé ìyá rẹ̀ wà, inú yàrá níbẹ̀ ni wọ́n sì sin ìyá náà sí. Orúnkún kò jẹ́ kí bàbá wọn lè gòkè mọ́.

“Ulé ìyé mi!” ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́yìn náà, ó mú ojú kúrò lára awò. Ó gbé e fún mi kí n wò ó. Òrùlé ti wó. Igi ti hù láàárín yàrá, àgbọ̀nrín kan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ewé.

“Bàbá Ọdẹ,” oníṣòwò náà wí, “ṣé ẹ rí i bó ṣe mọ́ tó?”

“Ó mọ́. Irọ́ kankan ò sí nínú rẹ̀. Máa gbé e lọ.”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó rà á. Ó kàn gbé ìbọn kọ́ ara ògiri ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó síta, ó fi ojú bàìbàì rẹ̀ wo òkè.

“Ìyá wọn,” ló wí, “ilé yẹn ṣì dúró digbí, àbí?”

“Ó dúró, bàbá wọn.”