Ọjọ́ Tí Mo Mú Ìyá Àjàṣẹ́ Kiri Lomé

Ọ̀rẹ́, ṣé o ti fi ẹnu ara ẹ ba ilé yín jẹ́ rí, tí o sì tún ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń bà á jẹ́? Má tíì dáhùn. Jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná, bóyá tìẹ á wá dà bí eré.

Òórùn Lomé nígbà ayé àwọn Faransé, imú mi ò tíì gbàgbé ẹ̀: iyọ̀ òkun, àgbọn tí wọ́n là sá sẹ́bàá ọ̀nà, ẹja tí àwọn obìnrin ń yan létí omi, àti èéfín rélùwéè tó máa ń wá bá wa lórí àwo oúnjẹ ní Amoutivé, àdúgbò wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sẹ̀tìfíkà ni. Mo rò pé bí mo bá ṣe ń jáde nílé ìwé báyìí ni Kòmándàǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso wa, fúnra ẹ̀ máa rán ẹ̀ṣọ́ wá mú mi lọ jókòó ní bírò ìjọba. Oṣù mẹ́rin kọjá, ẹ̀ṣọ́ ò wá. Mo wá ń fi aṣọ funfun mi rìn láti ilé dé etí òkun, láti etí òkun padà sílé, bí ewúrẹ́ tó já okùn tí ò rí oko kan jẹ. Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀, ẹnu mi náà ò gbélẹ̀.

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, máṣíìnì ẹ̀ ló rán mi lọ ilé ìwé, òun náà ló sì ń bọ́ mi nínú gbogbo ìrìnkurìn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gbéyàwó. Ọmọ Àjàṣẹ́ kan tó wá tajà ní Lomé ló rí, tí ọkàn ẹ̀ ò sì kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ó ti kun yàrá, ó ti rán aṣọ ìyàwó tán, ó ti fi pamọ́ sínú àpótí. Ó ku kí àwọn ará ilé ọmọ náà sọ pé àwọn gbà. Ìyẹn nìkan ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ládùúgbò wa pè mí. Ó ní àlejò kan sọ̀ sílé òun, ìyá àgbà kan láti Àjàṣẹ́, pé ó fẹ́ mọ ìlú. Èmi tí mo mọ̀wé, kí n mú un kiri. O máa bi mí pé ṣé mi ò mọ̀ pé Àjàṣẹ́ kan náà ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀. Mo mọ̀. Mo sì mọ gbogbo odò tó wà nílẹ̀ Faransé lórí. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Àjàṣẹ́ tó ń sọ̀ ní Lomé nígbà yẹn pọ̀ bí eṣinṣin, orí tó gba sẹ̀tìfíkà yìí ò sì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ìyá náà ga, ó gbẹ, ó ró aṣọ aláró, ó sì ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Orí wáàfù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, afárá irin gígùn tó wọnú òkun lọ. Ọkọ̀ ńlá kan dúró sọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń gbé àwọn yovó, àwọn òyìnbó, gòkè nínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni gbé adìyẹ lọ sọ́jà. Mo sọ iye ọdún tí àwọn Jámánì fi kọ́ ọ fún un. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí, orí ahọ́n mi ni mo ti mú un. Mo fi ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó ní ilé ìṣọ́ méjì hàn án. Mo mú un dé iwájú ilé Gómìnà, ibi tí ẹ̀ṣọ́ onífìlà pupa kan ti wò wá títí a fi yí padà. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni, pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kó kí mi.

Ìyá yìí ò wo nǹkan kan nínú gbogbo ẹ̀. Ó ń béèrè kànga tí ilé wa ti ń pọnmi. Ó béèrè bóyá ìyá wa máa ń bá àwọn èèyàn jà níbẹ̀. Ó béèrè irú àìsàn tó pa bàbá wa, àti ọjọ́ tó fi dùbúlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ràn òfófó ni, inú mi sì dùn, torí èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé láti àárọ̀ kò tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni bíi tèmi, bí èèyàn bá wà níwájú ẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, ara ẹ̀ á máa yún un.

A ti padà dé Amoutivé nígbà yẹn. Ni mo bá ní, "Ìyá, ẹ má wo ti ẹnu mi tí kò dúró yìí o. Nílé wa, ẹni tí ò bá ya wèrè ní kékeré, tó bá dàgbà á ya á."

Ó dúró. "Ta ló ya á rí?"

Háà, mo ti rí ẹni gbọ́ tèmi. Mo gbé bàbá bàbá mi, tó kú jẹ́ẹ́jẹ́ lórí ẹní ẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, mo fi agbádá wọ̀ ọ́, mo tì í sínú òkun pé ó lọ kí ọkọ̀ àwọn òyìnbó káàbọ̀. Mo fi ara mi sí i, èmi tí mo máa ń sọ Faransé fún igi àgbọn. Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ òótọ́. Kò rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi télọ̀ ńkọ́?" ni mo wí. "Máṣíìnì ló ń bá sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Ó tiẹ̀ máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó lè dá a lóhùn."

Ìyá tún ìró ẹ̀ ró. Ó bi mí bóyá télọ̀ tó wà nídìí igi máńgòrò ni, mo ní òun ni. Ó ní ó ti rẹ òun. Oòrùn ò sì tíì kan àtàrí. Lẹ́nu ọ̀nà bàbá onílẹ̀kẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O ti fi ohun tí mo wá wò hàn mí." Mo rò pé wáàfù ló ń wí.

Nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, mo ń rò ó fún wọn nílé bí ẹni ròyìn ogun tó ṣẹ́. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró sínú àwo. Ó rọra bi mí bóyá ìyá náà ní àpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè. Mo ní ó ní. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ tí òun fẹ́ fi ṣaya nìyẹn, pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí òun pé wọ́n á wá wádìí wa, wọn ò kàn sọ ọjọ́. O mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: kí àwọn èèyàn tó fọmọ fún ilé kan, wọ́n á rán ẹnì kan lọ wò ó jẹ́ẹ́, bóyá wárápá wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀tẹ̀, tàbí wèrè.

"Kí lo sọ fún un?"

Mo sọ ọ́. Kò lù mí. Ó dìde, ó fi aṣọ bo máṣíìnì ẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ìyá ti lọ wọ rélùwéè Aného, kó lè gbabẹ̀ padà sí Àjàṣẹ́. Mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń pè ní olè. Mo bá a lẹ́bàá fèrèsé, igbá ẹ̀ lórí itan. Mo rò gbogbo ẹ̀ láìmí: bàbá bàbá mi ò wọ òkun rí, wèrè kankan ò sí nílé wa, irọ́ ni mo pa, kó lè rẹ́rìn-ín ni.

Ó wò mí. "Nínú méjèèjì, èwo ni kí n gbé lọ sílé? Pé wèrè wà nílé yín, àbí pé òpùrọ́ ló wà níbẹ̀?"

"Òpùrọ́ ni, Ìyá. Èmi nìkan ni." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku èédú, aṣọ funfun, sẹ̀tìfíkà, gbogbo ẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ fún ẹnìkejì ẹ̀ ní èdè Mina pé ọmọ yìí ti ya wèrè. Mo gbọ́. Mo bẹ Ọlọ́run kí Ìyá má gbọ́ Mina.

"Dìde," ló wí. Ó na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, ó di apá aṣọ mi mú, ó yí i wo lójú rírán. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló rán èyí?"

"Òun ni, Ìyá."

Ó fi apá aṣọ mi sílẹ̀. Rélùwéè fọn fèrè, ó lọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi ń rán aṣọ láìsọ̀rọ̀, sí èmi, sí máṣíìnì. Èmi wá di ẹni tó ń lọ pàdé gbogbo rélùwéè tó ń ti Aného bọ̀, bí ẹni tó ń retí lẹ́tà tí ò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ìgbà tí iṣẹ́ tí Ìyá rán dé nígbẹ̀yìn, gbólóhùn mélòó kan ni: òun ò rí wèrè nílé náà, òpùrọ́ kan lòun rí, àbúrò ni, ọkọ kọ́. Wọ́n gbé ìyàwó wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyàwó kì í sì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Bó ṣe wọlé báyìí, Amọ̀nà ló sọ mí. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Ohun tó yé mi nínú ẹ̀ rèé. Mo rò pé ara mi ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, pé tèmi ni, mo lè ṣe é bó ṣe wù mí. Àṣé ẹni tó bá ń bú ara ẹ̀ nílé tí èèyàn márùn-ún ti ń jẹun pọ̀, àwọn márààrún ló ń bú. Mi ò tíì jáwọ́ o, ìwọ náà ń gbọ́ ọ; ó ti wọ mí léegun. Mo kàn máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná, kí n wo ẹni tó dúró tì mí. Bíi ti ọjọ́ kan tí mo…

"Amọ̀nà." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò fẹ́ lọ. Bá a bá fẹ́ wo ilé ọkọ tí ọmọ wa mú wá, ká tètè dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wá jókòó tì mí, kí ẹ sì bá mi dákẹ́."