Igi Ọdán Tí A Gbà Lọ́wọ́ Ayùn

Ọdún tí ooru kọ́kọ́ lé wa kúrò nínú yàrá ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ó lè jẹ́ pé irú ooru bẹ́ẹ̀ lẹ bá láyé, ẹ ò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà, nísàlẹ̀ òkè Màpó, páànù tó ti dípẹtà ló bo ilé gbogbo. Tó bá di ọ̀sán oṣù Ẹrẹ̀nà, tọmọdé tàgbà á ká ẹní, wọ́n á forí lé abẹ́ igi ọdán tó wà ní ojúde.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi ọdún pípẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa. Mo ti yanṣẹ́ lódì, mo ti fa tajútajú símú. Mo rò pé kò sóhun tó tún lè dẹ́rù bà mí níbi ìjà.

Àwọn àdán ló ni igi yẹn. Kì í ṣe òòbẹ̀ kékeré inú àjà o, àdán ńlá ni, tí ara wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ. Kí wọ́n tó bí bàbá mi ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Tí oòrùn bá ń wọ̀, wọ́n á tú jáde, wọ́n á gba orí Màpó lọ síbi tí igbó bá ṣẹ́ kù sí, wọ́n á jẹ èso, wọ́n á sì su kóró rẹ̀ káàkiri. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọ̀pọ̀ ìrókò tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, àdán ló gbìn ín. Bí ayé ṣe ń gbóná yìí, tí igbó ń gbẹ, àwọn ló lè gbé irúgbìn lọ síbi tí òjò bá sá gbà.

Àlájà Sìfáwù ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ igi náà jù, ìgbẹ́ àdán sì ti ba páànù rẹ̀ jẹ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Tíṣà, tí o bá fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀, kó wọn lọ sílé àna rẹ ní Àrẹ̀mọ."

Àmọ́ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kan gba ìwé àṣẹ láti gé igi náà, kí ó lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, Àlájà yìí kan náà ló kọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn mi.

"Orí páànù mi ni wọ́n ń su sí," ó ní. "Àmọ́ tí wọ́n bá gé igi yẹn, inú yàrá yẹn ni ooru máa pa mí sí lọ́sàn-án. Kí la máa ṣe?"

Mo sọ ohun tí a máa ń sọ lẹ́gbẹ́ fún un, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ láti kékeré. Òótọ́ ni.

Ìwé ẹ̀hónú àti pátákó ni èmi ń rò. Òun ló mú ọgbọ́n tó ju tèmi wá. Ó ní ẹgbẹ́ àsálátù òun, àwọn ìyá tí wọ́n máa ń pé jọ ṣàdúrà láràárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, á kó àdúrà wọn wá sábẹ́ igi, ojoojúmọ́ ni wọ́n á sì máa ṣe é. Ta ni yóò wó igi lu ìyá arúgbó tó ń fa tẹ̀sùbáà?

Ọjọ́ kẹta ni àwọn agégi dé. Àwọn ìyá ti jókòó yí ìdí igi ká nínú aṣọ funfun, wọ́n ṣí agbòjò sórí nítorí ohun tó ń bọ́ látòkè. Èmi ọmọ Áńgílíkà jókòó sáàárín wọn, mo ń ṣe àmín níbi tí mo bá ti rí i pé ó yẹ.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ dìde," ni ọ̀gá àwọn agégi wí. "Ìwé wa pé."

"Ìwé tiyín pé," Àlájà dá a lóhùn. "Àdúrà tiwa ni kò tíì parí."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Tí ẹ bá lọ."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò jọ èèyàn burúkú. Ó fa okùn ayùn ẹ̀rọ rẹ̀, bóyá kó lè fi dẹ́rù bà wá. Bó ṣe dún báyìí, gbogbo àdán gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀sán gangan ni, ojúde sì ṣókùnkùn. Láti kékeré ni mo ti mọ ariwo àdán, wọ́n máa ń pariwo bí ará ọjà, àmọ́ lọ́jọ́ náà kò sí èyí tó ké. Ìró apá wọn nìkan là ń gbọ́. Wọ́n ń yí po lórí wa, wọn ò lọ, wọn ò bà, òjìji wọn sì ń rìn kọjá lára aṣọ funfun àwọn ìyá. Ayùn kú mọ́ ọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó tún un fà, kò dún mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú síbi tó ti wà, wọ́n so rọ̀, wọ́n lajú sílẹ̀, wọ́n ń wò wá.

Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè ohun tí wọ́n rí lára wa.

"Màmá, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tèmi," ni agégi náà wí, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Agbaṣẹ́ṣe náà wá ilẹ̀ míì lọ. Olùkọ́ ni mí, mo mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ló lé àwọn ẹranko sókè. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ̀ lọ́jọ́ náà. A ká ẹní wa, a wọlé lọ.

Ìgbà tí ẹ̀rù kúrò lára wa la tó ṣìṣe. Inú dídùn ló ń mórí yá. Múfútáù, ọmọ Àlájà, tó jẹ́ bíríkìlà, ní kò yẹ ká fi igi tí a jà fún sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: ohun tí a bá fẹ́ràn, sìmẹ́ńtì la fi ń yẹ́ ẹ sí. Òun la fi ń tẹ́ ojúde, òun la fi ń bo sàréè àwọn bàbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Múfútáù da kọnkéré yí igi náà ká títí ó fi kan ara rẹ̀, ó sì dán an gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀. Kó tó gbẹ, wọ́n ní kí n wá fi ìka kọ orúkọ mi sí i, nítorí èmi ni akọ̀wé ìjà náà.

Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere. Mo mọ̀ pé gbòǹgbò ń mumi, mo mọ̀ pé ó ń mí, mo ti ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó láìmọye ìgbà. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Àmọ́ àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́, mo sì ń wo ibi tí orúkọ mi máa wà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kọ ọ́.

Ẹrẹ̀nà ọdún tó tẹ̀ lé e, òjò pẹ́ kó tó rọ̀. Igi náà wọ́wé, ẹ̀ka kan gbẹ, oòrùn sì ráyè wọ àárín àwọn àdán. Sìmẹ́ńtì ń ta ooru padà sókè, ẹsẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ ẹ́. Wọn ò pariwo mọ́. Gbogbo wọn kàn ń fi apá fẹ́ ara wọn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ìyá tó ń fẹ́ ọmọ oníbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ ìró kan níta: pọ̀. Àlájà rò pé ẹnì kan ló ju nǹkan. Pọ̀. A jáde síta. Abo àdán kan ló wà lórí sìmẹ́ńtì, ó ti kú, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn láyà, ọmọ ṣì ń mí. Pọ̀. Òmíràn. Wọ́n ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ké. Àwọn tó kù lókè ò sá. Wọ́n so rọ̀, wọ́n ń wò wá.

"Tíṣà," Àlájà rẹ ohùn sílẹ̀, "ìwọ lo kàwé. Kí ló ń pa wọ́n?"

"Ooru ni, Àlájà."

"Ooru nìkan?"

Mo wo orúkọ mi, òkú àdán kan wà lórí rẹ̀. Ojú tì mí.

"Sìmẹ́ńtì yìí náà lọ́wọ́ sí i. A ti sé igi lẹ́nu. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dà á."

Ó wò mí títí. "O mọ̀, o sì dákẹ́."

Kóńdó ọlọ́pàá ò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Múfútáù ti gbọ́. Ó lọ gbé òòlù ńlá. "Bàbá Tíṣà, ẹ yẹra." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kọnkéré náà. Mo kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ lásán kan àdán, kí ẹnikẹ́ni má sì sè é jẹ, nítorí àrùn. A fi ẹ̀rọ fa omi kànga, a ń fi rọ́bà wọ́n ọn sórí ẹ̀ka títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ohun tí a rí lábẹ́ kọnkéré ò tíì kúrò lójú mi. Gbòǹgbò ti gòkè wá bá a. Wọ́n funfun, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ abẹ́ rẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́. Múfútáù ju òòlù sílẹ̀. "Súbùhánà-lláhì!"

Nírọ̀lẹ́, àwọn àdán tó kù fò gba orí Màpó lọ. Ilẹ̀ mọ́, wọn ò dé.

Kí la jèrè? Ayùn ò kan igi náà títí dòní, apá kan rẹ̀ sì ti rúwé padà. A fi ilẹ̀ gbalasa sílẹ̀ yí i ká, ìdí rẹ̀ ni omi àlùwàlá àwọn ìyá ń ṣàn lọ. A tún gbin ọ̀dọ́ igi ọdán sétí odò, kí àdán lè ní ju ibì kan lọ láti sá sí tí ooru bá dé. Wọ́n ní bí a bá ń gégi nígbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. A fi ro ara wa wò níwájú ayùn, a gbàgbé níwájú sìmẹ́ńtì. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn wa, tèmi ló sì wúwo jù.

Àlájà ti re ibi àgbà ń rè. Ní Ẹrẹ̀nà tó kọjá, àdán díẹ̀ padà wá. Apá tó rúwé wà níbẹ̀, òjìji sì wà lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ wọn ò lọ síbẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ ni wọ́n so rọ̀ sí, lókè ibi tí mo gbé àfọ́kù kọnkéré tó ní orúkọ mi sí. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ lọ́sàn-án, rọ́bà omi á wà lọ́wọ́ mi. Wọn kì í ké. Wọ́n á dorí kodò, wọ́n á máa wò mí, bóyá màá sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.