Ọ̀gá Tí Kì Í Gbé Ẹ̀rọ Lásán Fúnni

Kí ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe n'Íjẹ̀bú-Òde tó fọhùn, á kọ́kọ́ fi etí bùbá nu ojú ẹ̀rọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà mi ti gbó, pé ètò ojú ẹ̀rọ, ìyẹn ohun tí mò ń rí tí mo bá tàn án, èyí tó fúyẹ́, tí kò lọ́ṣọ̀ọ́, ni kó fi sí i.

Ó bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka yunifásítì! Kí n wá gbé ẹ̀rọ tójú ẹ̀ ṣófo lé yín lọ́wọ́?"

Lójú tiẹ̀, àbùkù ni. Ló bá kó gbogbo ọ̀ṣọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi fídíò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́, ọ̀ṣọ́ yẹn ti wúwo jù fún ẹ̀rọ, fídíò kọ̀, kò ṣí. Mo fi ìbínú gbé ẹ̀rọ padà lọ bá ọ̀gá.

Ó ní, "Ṣé ẹ rí bí àwòrán tí mo fi ṣe ọ̀ṣọ́ ojú rẹ̀ ṣe ń yí?"

Mo rí i. Òun nìkan ni mò ń wò títí àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ fi lọ.